Ta ló yẹ kó máa sanwó wíwá òṣìṣẹ́ ní Èkó? Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ CIPM

Sí Ààrẹ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Chartered Institute of Personnel Management of Nigeria (CIPM), ẹgbẹ́ àwọn tó fi ètò òṣìṣẹ́ ṣe iṣẹ́ ṣe, Alausa, Ìkẹjà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú wàhálà àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń wáṣẹ́. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní owó ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ dé Alausa.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní ní agbègbè Ìyànà-Ìpájà. À ń tẹ̀wé, à ń ṣe fọ́tòkọ́pì, à ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, a sì ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń wáṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Tí ilé iṣẹ́ kan bá gbé ìpolówó jáde lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mi ò ní tíì tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n á ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Owó wọn ni mo fi ń jẹun, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń fi CV kan ṣoṣo ríṣẹ́, ọjà tèmi á dín kù. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i pé mo ń bẹ̀bẹ̀ kí ìyà wíwá iṣẹ́ rọlẹ̀, kì í ṣe èrè ara mi ni mo ń wá.

Ohun kan ṣoṣo ló gbé mi wá. Ní Èkó lónìí, ẹni tí kò níṣẹ́ ló ń san owó tó yẹ kí ilé iṣẹ́ san láti fi wá òṣìṣẹ́. Ó ń san án lówó ọkọ̀, ó ń san án lówó fọ́ọ̀mù, ó ń fi odindi ọjọ́ rẹ̀ san án, ìgbà míì ó ń fi irọ́ san án. Ẹ̀yin ni mo sì kọ ọ́ sí, mi ò kọ ọ́ sí gómìnà tàbí mínísítà, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ò nílò òfin tuntun. Láti 1968 ni ẹgbẹ́ yín ti wà, 1992 sì ni òfin fi yín ṣe alákòóso iṣẹ́ yìí, pé kí ẹ máa pinnu ẹ̀kọ́ àti ìwà tó yẹ ẹni tó bá fẹ́ fi ètò òṣìṣẹ́ ṣe iṣẹ́ ṣe. Àwọn tó ń kọ ìpolówó wọ̀nyí, ọmọ ẹgbẹ́ yín ni wọ́n, tàbí ẹni tó ń múra láti di ọmọ ẹgbẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Ìkòròdú. Wọ́n pè é fún ìntáfíù ní Lẹ́kkí, aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́ kò ní wọlé. Kó tó di aago márùn-ún ìdájí ó ti wà ní gáréèjì. Ó wọ ọkọ̀ dé Mile 12, ó wọ òmíràn dé Ọ̀bàléndé, ó tún wọ òmíràn tó máa gbé e gba Lẹ́kkí. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ mọ ohun tí owó ọkọ̀ dà. Ó bọ́ sílẹ̀ létí títì, ilé iṣẹ́ ọ̀hún wà nínú lọ́hùn-ún, kò sì sí ọ̀kadà, nítorí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò ní Eti-Ọ̀sà láti oṣù kẹfà ọdún 2022. Ó bá fẹsẹ̀ rìn é. Bàtà gíga wà nínú báàgì, sílípáàsì wà lẹ́sẹ̀. Ó débẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá wà nínú ìpàdé. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó pè é wọlé. Ìbéèrè kejì tí wọ́n bi í ni pé níbo ló ń gbé. Ó ní Ìkòròdú. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní, "Áà, ó ti jìnnà jù, a ó máa pè yín."

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, èmi ni mo tẹ CV yẹn. Àdírẹ́sì wà lókè pátápátá, lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó pè é ti rí Ìkòròdú kó tó pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, bóyá nítorí pé kò gba nǹkan kan láti yẹra fún un. Fóònù ìṣẹ́jú márùn-ún ì bá ti parí ìjíròrò yẹn. Ilé iṣẹ́ ló máa san owó ìpè, ó sì máa kéré sí owó ọkọ̀ ọmọbìnrin yẹn lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ. Àmọ́ torí pé kì í ṣe àpò ilé iṣẹ́ ni owó ọkọ̀ ti ń jáde, kò sẹ́ni tó ń kà á sí ìnáwó rárá.

Owó oṣù náà tún ń bẹ níbẹ̀. Ìpolówó á ní "owó tó wuni", á ní "a máa jọ sọ ọ́". Oníbàárà mi kan á lọ lẹ́ẹ̀kíní, á lọ lẹ́ẹ̀kejì, ní ìgbà kẹta ni wọ́n á tó sọ iye tí wọ́n fẹ́ san, á sì jẹ́ iye tí kò ní tó o wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kí ó tún jẹun. Lọ́dún 2024 ni òfin sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà. Ìjọba Èkó ní 85,000 ni tàwọn. Ilé iṣẹ́ ńlá ṣì wà ní ìlú yìí tó ń fi ẹnu kẹ́lẹ́ sọ pé ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ni àwọn ní, fún ẹni tó ka yunifásítì. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìpolówó, ojú á tì wọ́n. Ìdí tí wọn ò fi kọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. "Kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 25 lọ." Mo ti tẹ gbólóhùn yìí jáde láti orí fóònù àwọn èèyàn títí tí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ bá mi ka ọdún. Ọmọ kan tí wọ́n bí lọ́dún 1999, tó jókòó ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mejì, tó wọ yunifásítì ìjọba lọ́dún 2018 fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin. Oṣù kẹta ọdún 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, àrùn Kòrónà dé bá a lórí rẹ̀, ó di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó padà. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n tún ti géètì, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó ṣí i. Ó parí, ó ń retí kí NYSC pè é, ó sin ìlú fún ọdún kan. Lọ́jọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, ó ti kọjá ọdún 25. Ìpolówó yẹn kan náà á tún béèrè ìrírí ọdún mẹ́ta. Ìrírí wo? Nígbà tí géètì wà ní títì ni àbí nígbà tó wà ní káńpù?

Ta wá ni ẹni tó lè parí ní ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀, kó sì ti ní ìrírí kó tó di 25? Ọmọ ẹni tó lè san owó yunifásítì aládàáni ni, níbi tí ìyanṣẹ́lódì ò dé, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ní ọ́fíìsì tó lè ti lọ kọ́ṣẹ́ lásìkò ìsinmi. Ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ olówó lẹ fẹ́. Ọjọ́ orí lẹ kọ, àmọ́ ibì kan náà ló máa ń já sí.

Mo ti sọ pé àwọn kan ń fi irọ́ san owó yìí. Wọ́n ń wá bá mi pé kí n bá àwọn yí ọdún ìbí tó wà lórí ìwé. Mi ò ṣe é. Ẹni tó ń ṣe é kò jìnnà sí mi, mo sì mọ iye tó ń gbà. Àwọn míì á lọ sí kóòtù lọ búra ọjọ́ orí tuntun, á wá di pé ẹnì kan ní ọjọ́ orí ilé àti ọjọ́ orí ìwé, bí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa àtijọ́. Ọmọ tí kò purọ́ rí láyé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ló ti ń kọ́ ọ. Ọdún kejì tó bá ti wọlé tán, ilé iṣẹ́ yẹn á ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta fún un lórí òtítọ́ ṣíṣe.

Àwọn àgbà ń kọ́? Èkó ti fìgbà kan rí jẹ́ ìlú ilé iṣẹ́. Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà títí di 2008. Lọ́dún 2023, GlaxoSmithKline ní àwọn ń kó lọ, kí ọdún yẹn tó parí Procter & Gamble náà ní àwọn ò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́, wọ́n á kàn máa kó o wọlé láti òkè òkun. Ilé iṣẹ́ tó bá kógbá sílé ń fi àwọn èèyàn sílẹ̀: ẹni ọdún 43 tó ti tọ́jú ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó mọ ohùn rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ bàjẹ́. Irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìwé ẹ̀rí wọn wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé, a jọ ń wo ìpolówó látòkè délẹ̀, a ò rí ẹyọ kan tí ọjọ́ orí wọn lè wọ̀.

Nípa owó fọ́ọ̀mù, mo rò pé ẹ rántí ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí wíwọlé àti jíjáde ní orílẹ̀-èdè wa, Immigration, fẹ́ gba èèyàn tí kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Wọ́n gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé, èèyàn tó ju ìlàjì mílíọ̀nù lọ san án. Wọ́n kó gbogbo wọn lọ sáwọn pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ti Èkó wà ní Sùúrùlérè. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹsẹ̀ tẹ̀ pa ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin. Aboyún wà nínú wọn. Gbogbo ìlú pariwo nígbà náà, a ní irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Òótọ́ ni pé a ò tíì rí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó tóbẹ́ẹ̀ mọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́. Owó yẹn ló kàn fọ́nká. Ó ti di owó fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ aṣojú kan tó ń báni wáṣẹ́ ní Ògbà, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ òmíràn ní Maryland, owó àyẹ̀wò ara ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ní dandan kí o lọ, owó káàdì ìdánimọ̀ kí o tó rí iṣẹ́ tí wọ́n máa fi káàdì náà ṣe. Àwọn aṣojú míì á gba ìdajì owó oṣù àkọ́kọ́. Ẹ̀yin mọ̀ jù mí lọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa bá èèyàn wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, náà sì ti fẹnu kò láti 1997, nínú àdéhùn wọn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 181, pé kí irú àwọn aṣojú yìí má ṣe gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó nílò èèyàn ni kó san án. Kí ló wá dé tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, tí ọmọ ẹgbẹ́ yín ń jókòó síbẹ̀, ń bá àwọn aṣojú tó ń gba owó fọ́ọ̀mù ṣe?

Àwọn gbájú-ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn pẹ́ díẹ̀, nítorí pé mo rò pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láìmọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé sórí fóònù: a ti yàn ọ́ fún ìntáfíù, wá sí yàrá kan ní òpópónà kan ní Ìkẹjà, mú bíró dání, nọ́ńbà rẹ nìyí, má pẹ́. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́. Kò sí irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ọmọ náà ò rántí pé òun kọ̀wé síbẹ̀, àmọ́ ibi tó kọ̀wé sí pọ̀ débi pé kò lè dá a lójú. Ó múra, ó lọ. Ó bá ọgọ́rọ̀ èèyàn bíi tirẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan, gbogbo wọn wọ kóòtù, ẹnì kan ń lu dùùrù. Ọkùnrin kan dìde, ó ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ oṣù ò lè sọni dolówó, pé kí wọ́n ra ọjà báyìí báyìí, kí wọ́n mú èèyàn méjì wá, kí èèyàn méjì yẹn náà mú méjì wá. Ìyá ọmọ yẹn ti gbàdúrà fún un nílé kó tó jáde.

Àwọn èèyàn máa ń bú àwọn ọmọ wọ̀nyí pé wọn ò gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé àtẹ̀jíṣẹ́ gbájú-ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wá láti ilé iṣẹ́ gidi, mi ò rí ìyàtọ̀. Ti ilé iṣẹ́ gidi náà ò kọ orúkọ ilé iṣẹ́, wọ́n á ní "iléeṣẹ́ tó lórúkọ". Kò kọ owó oṣù. Nọ́ńbà fóònù lásán ló fi ránṣẹ́, kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Ó ní kí o má pẹ́. Bí ilé iṣẹ́ gidi bá ń pe èèyàn bí èèyàn gidi, ti gbájú-ẹ̀ á dá yàtọ̀ lójú ẹni tó bá kà á. Mo ti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi pé kí wọ́n wá orúkọ ilé iṣẹ́ lórí Google kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ wá, nígbà tí kò sí orúkọ?

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tiyín náà ò rọrùn. Ẹ gbé ipò kan síta, CV rọ́ dé bí omi òjò, ẹni méjì ló sì ní láti kà á. Ẹ ní láti fi nǹkan kan gé e kù, mo gbà. Àmọ́ ọjọ́ orí ò sọ fún yín bóyá èèyàn mọṣẹ́. Ìdánwò kékeré lórí fóònù á sọ ọ́ fún yín. Onídùúró náà kì í ṣe àmì ìwà: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé, níbo ló ti máa rí òṣìṣẹ́ ìjọba méjì tó ní ilé tara wọn ní Èkó, tí wọ́n á fọwọ́ síwèé fún un kí ó lè di akáwó ní súpámákẹ́ẹ̀tì? Ó máa ra onídùúró ni, wọ́n ń tà á. Èyí tó sì burú jù ni ìpolówó fún ipò tí ọ̀gá ti fún ẹnì kan tẹ́lẹ̀. Wọ́n á pe ogún èèyàn wá láti Badagry, Ẹ̀pẹ́ àti Ọ̀tà kí ìwé lè pé nínú fáìlì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń sọ pé àìríṣẹ́ ti ń dín kù, mo ti ka ìṣirò NBS náà, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè. Ní ìparí 2020 wọ́n ní àwọn tí kò níṣẹ́ jẹ́ ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 wọ́n ní ìdá 4.1 ni. Ọ̀nà ìṣirò ni wọ́n yí padà, láti bá ti àgbáyé mu: ẹni tó bá fi wákàtí kan ṣe iṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀ ti bọ́ sára àwọn tó níṣẹ́. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí ìṣirò yẹn ń sọ fún mi ni pé àwọn tó ń wá bá mi kì í jókòó sílé. Ọ̀kan ń ta omi inú ọ̀rá, ọ̀kan ń dirun, ọ̀kan ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá pè é tí ẹ fi í jókòó títí di ọ̀sán, kò tajà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi ìyẹn kún owó ọkọ̀.

Ohun tí mo ń tọrọ kò le. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà ìwà ọmọ ẹgbẹ́ yín pé ìpolówó tí kò bá ní iye owó oṣù àti àdúgbò tí iṣẹ́ wà, ọmọ ẹgbẹ́ CIPM ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Kí wọ́n yọ ọjọ́ orí kúrò, àfi ibi tí òfin bá ti béèrè rẹ̀. Kí ìntáfíù àkọ́kọ́ máa jẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí ẹ bá sì pè wá lójúkojú, kí ẹ fún un lówó ọkọ̀, ì báà tiẹ̀ jẹ́ àwọn mẹ́ta tó kù lópin. Mo mọ̀ dájú pé lọ́jọ́ tí owó ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti àpò ilé iṣẹ́ jáde, wọn ò ní pe ogún èèyàn fún ipò tí wọ́n ti fún ẹnì kan mọ́. Kí ẹni tí kò bá wọlé gbọ́ pé òun ò wọlé. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti tó, kí ó lè gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ aṣojú tó ń gba owó fọ́ọ̀mù, kí ọmọ ẹgbẹ́ yín tó wà níbẹ̀ wá ṣàlàyé fún yín.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹ ní nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ẹni tó fi ìpè ìntáfíù ránṣẹ́ máa wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ti ilé iṣẹ́, kí ẹ sì ṣe ibì kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ti lè tẹ nọ́ńbà yẹn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpè tí kò bá ní nọ́ńbà, a ó mọ̀ pé kò yẹ kí a tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀. Tí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ fi ìlànà náà ránṣẹ́ káàkiri. Màá tẹ̀ ẹ́ jáde láìgba kọ́bọ̀, màá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ti ń tò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onítẹ̀wé kan ní Ìyànà-Ìpájà.